Ìmọ̀ràn Lórí Àyíká àti Lórí Owó Oṣù: Ibi Tí Ohùn Olùgbé Ìpínlẹ̀ Ògùn Ti Lè Wọlé

Kò sí ẹnubodè owó kankan mọ́ ní Ṣàngó Toll Gate. Láti ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí gbígba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ lórí àwọn òpópónà rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ títí di òní. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó bá ń ti Èkó bọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta ti ń mọ̀ pé òun ti wọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ óò rí àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà káàkiri Ọ̀tà. Ẹ óò sì rí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba láàrin wọn, tí àwọn kan ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò jìnnà, tí àwọn mìíràn sì dojú kọ Abẹ́òkúta. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mí símú, ọjà kan náà ni wọ́n sì ti ń ra gààrí.

Ọ̀rọ̀ méjì tí ó kan gbogbo èrò inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni àlàyé wa yìí dá lé. Èkínní ni èéfín àti omi ẹ̀gbin tí ń ti ilé iṣẹ́ jáde. Èkejì ni owó oṣù tí kì í tó ó ná. Lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì, gbólóhùn tí ó yá wa lẹ́nu jù ni pé ìjọba ló mọ̀. Gbólóhùn yìí kò tọ̀nà tó. Kí ìjọba tó mọ̀, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí, láti gbọ́ tẹnu ará ìlú, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò máa bínú sí ẹni tí kò ní àṣẹ lọ́wọ́, yóò sì jẹ́ kí àkókò tí ìbá fi sọ̀rọ̀ kọjá lọ.

Ètò pé kí aláṣẹ ní olùdámọ̀ràn kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọba kì í dá ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè a sọ tinú wọn, lẹ́yìn náà ni ọba yóò fi ọ̀rọ̀ tì síbì kan. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 tẹ̀ lé nígbà tí ó fún gómìnà ní àṣẹ, nínú abala 196, láti yan àwọn olùdámọ̀ràn pàtàkì, tí iye wọn àti owó iṣẹ́ wọn yóò wà lábẹ́ òfin tàbí ìpinnu Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti sọ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa gba gómìnà nímọ̀ràn lórí àbójútó ilẹ̀ àti lórí títún ibùgbé ṣe fún àwọn tí ìjọba bá gba ilẹ̀ wọn. Ó kéré tán, ẹni méjì tí ó mọ iṣẹ́ ilẹ̀ dunjú àti agbẹjọ́rò kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Òfin kan náà sọ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn tirẹ̀ lórí pípín ilẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn kì í ṣe ojúrere tí aláṣẹ ń ṣe fún ará ìlú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin ni ó pa á láṣẹ.

Síbẹ̀, ẹni tí ń dámọ̀ràn kọ́ ni ẹni tí ń pàṣẹ. A sì ní láti fi kún un pé àwọn àjọ kan wà tí wọ́n ní àṣẹ gidi, ṣùgbọ́n tí àṣẹ náà kò dé ibi tí àwọn ènìyàn rò. Àjọ tí ń rí sí ìgbanisíṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ ni ó ń gba ènìyàn síṣẹ́, òun ni ó sì ń bá òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣẹ̀ wí. Ìwé òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ darí rẹ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì yìí. Àmọ́ kì í ṣe òun ni ó ń sọ iye tí a ó san. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀dùn owó oṣù lọ síbẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti owó oṣù ṣáájú, nítorí pé ìtàn rẹ̀ ni ó fi hàn jù lọ bí ìmọ̀ràn ṣe ń di owó lápò òṣìṣẹ́, tàbí bí kò ṣe ń dì í.

Ní oṣù Òkúdu ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà, tí àwọn ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wà níwájú wọn pẹ̀lú Michael Imoudu, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó wọn kò sì kúrò lójú kan. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀ ni ìjọba fi dá wọn lóhùn. Ìgbìmọ̀ náà dámọ̀ràn pé kí á fi ìdajì lé àlékún owó tí à ń san nítorí ọ̀wọ́ngógó. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé bí òṣìṣẹ́ bá ké, ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Adájọ́ Adeyinka Morgan ṣe alága irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1963 sí 1964. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Olóyè Simeon Adebo, tí ó ti jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó sì ti ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ni a gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ìròyìn rẹ̀ àkọ́kọ́ dámọ̀ràn pé kí a tètè fún òṣìṣẹ́ ní owó ìrọ̀rùn ná, kí iṣẹ́ ìwádìí tó parí, nítorí pé ebi kì í dúró de ìròyìn.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ti Jerome Udoji, tí ìjọba mú lò ní ọdún 1974 sí 1975. Àwọn tí ó ti dàgbà nígbà náà kò tíì gbàgbé. Owó tí a san papọ̀ fún òṣìṣẹ́ di owó Údójì lẹ́nu ará ìlú. Àwọn kan fi ra alùpùpù, àwọn kan fi ra ẹ̀rọ orin, àwọn onílé náà sì fi kún owó ilé. Ọjà gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba fi jìyà ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Nínú èrò tiwa, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé ìgbìmọ̀ tí ó bá jókòó lórí owó oṣù ní láti gbọ́ tẹnu ẹni tí ń ta ẹ̀wà ní ìdíkọ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ àti ti ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ nìkan.

Lónìí, ìwé òfin ti fi ọ̀rọ̀ owó oṣù tí ó kéré jù lọ sábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Kí òfin tuntun tó jáde, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ka mẹ́ta ni ó máa ń jókòó: àwọn aṣojú ìjọba, ti àwọn agbanisíṣẹ́ àti ti òṣìṣẹ́. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018 sí 2019. Ìgbìmọ̀ tí Ama Pepple jẹ́ alága rẹ̀ dámọ̀ràn ₦30,000. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú Council of State, tí àwọn ààrẹ àná àti àwọn gómìnà wà nínú rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn, ₦27,000 ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìmọ̀ràn méjì dojú kọ ara wọn. Àwọn aṣòfin àpapọ̀ ni wọ́n wá mú ₦30,000, Ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 18 oṣù Igbe ọdún 2019. Bí kì í bá ṣe pé àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ wà níwájú àwọn aṣòfin, kí ni wọn ìbá fi gbé ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀?

Ti ọdún 2024 tún yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 37, tí Bukar Goni Aji jẹ́ alága rẹ̀, kò lè fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ìjọba àti àwọn agbanisíṣẹ́ dúró lórí ₦62,000, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúró lórí ₦250,000, bẹ́ẹ̀ ni iye méjèèjì sì ṣe dé iwájú Ààrẹ. Lẹ́yìn tí Ààrẹ bá àwọn olórí òṣìṣẹ́ jíròrò, ₦70,000 ni ó di òfin ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ. Òfin náà sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò, dípò ọdún márùn-ún ti tẹ́lẹ̀.

Iye inú òfin àpapọ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ lè gòkè sí i. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, lẹ́yìn ìjíròrò pẹ̀lú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́, Gómìnà Dapo Abiodun fọwọ́ sí ₦77,000 fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn tí ń jókòó pẹ̀lú ìjọba ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórí ẹgbẹ́ NLC àti TUC, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àjùmọ̀jíròrò òṣìṣẹ́ ìjọba tí a mọ̀ sí JNC. Iṣẹ́ wọn kò sì parí lórí iye ìsàlẹ̀. Bí owó ẹni tí ó wà ní ìpele kìn-ín-ní bá gòkè, tí ti ẹni tí ó wà ní ìpele kẹfà kò sì yí padà, ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀gá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gba iye kan náà. Àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e láti ìpele dé ìpele ni ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń pọ̀ jù, òun ni a kì í sì í gbọ́ lórí rédíò.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà fi sọ́kàn. ₦77,000 yẹn jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Èyí tí òfin fi dandan lé fún ilé iṣẹ́ aládàáni ni ₦70,000, kò sì kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, tàbí àwọn tí à ń san owó fún gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí wọ́n ṣe, tàbí àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ pé. Ẹni tí òfin bá kàn, tí a kò sì san án fún, lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tàbí sí ilé ẹjọ́ àpapọ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Ti àyíká ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 1988, a rí i pé àwọn oníṣòwò kan ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí Koko, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n kó o padà, wọ́n sì kó o. Ohun tí ìtìjú náà bí ni òfin tí ó sọ gbígbé ìdọ̀tí olóró wọlé di ọ̀ràn ńlá, àti òfin tí ó dá àjọ àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àyíká, èyí tí à ń pè ní FEPA, sílẹ̀ ní òpin ọdún náà. Òfin yìí rọ àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n dá àjọ tiwọn sílẹ̀. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni OGEPA, àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lónìí lábẹ́ àbójútó iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. FEPA wọnú iléeṣẹ́ àyíká ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1999. Ní ọdún 2007 ni a dá NESREA sílẹ̀ láti rí i pé a pa òfin àyíká mọ́.

Nínú gbogbo òfin wọ̀nyí, èyí tí ó fún ará àdúgbò láyè jù lọ ni ti ọdún 1992, tí ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá tí ó lè ba àyíká jẹ́, kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà yóò fà. A ó gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti ní àwọn ibòmíràn, fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, kí ẹnikẹ́ni lè kà á kí ó sì kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí àríyànjiyàn bá pọ̀, ìjọba lè yan ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò tí yóò gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn ní gbangba, tí yóò sì kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí náà kò lè pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá sọ níwájú rẹ̀ ṣòro láti sọ lẹ́yìn tí a bá ti ri òpó ilé iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Fún ẹni tí ń gbé ní Ṣàngó, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní ìlú Ọ̀tà ni ibi tí ó yẹ kí ó lọ béèrè. A kò rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wà níbẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ wá lógún kò jìnnà. Ní Ogijo, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, níbi tí a ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tí ó ti kú láti rí òjé inú rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tí ń gbé nítòsí. NESREA ti àwọn ilé iṣẹ́ kan pa níbẹ̀ ní ọdún náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bá jà jù. Ní Zamfara ní ọdún 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni ó kú nítorí òjé tí ó wà nínú òkúta tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ láti wá wúrà. Òjé kò ní òórùn nínú omi. Eruku rẹ̀ lè bá aṣọ iṣẹ́ bàbá wọlé, kí ó sì balẹ̀ sórí ẹní tí ọmọ ń rá lé. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń yọ́ irin tàbí bátìrì, kí ó pààrọ̀ aṣọ kí ó tó wọlé, kí á má sì fọ aṣọ náà pọ̀ mọ́ ti ọmọ.

Ogijo kì í ṣe Ṣàngó, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ irin bẹ́ẹ̀ wà ní agbègbè Ọ̀tà pẹ̀lú, àwọn olùwádìí yunifásítì sì ti ń yẹ omi odò Atuwara wò fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí omi ẹ̀gbin tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí iye bá wà lójú ìwé àyẹ̀wò, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé àsọdùn ni. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín bá fẹ́ kọ̀wé sí OGEPA tàbí sí iléeṣẹ́ àyíká ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta, ẹ má ṣe kọ pé èéfín ń yọ wá lẹ́nu nìkan. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ó jáde, àwọ̀ rẹ̀, ìhà tí afẹ́fẹ́ gbé e lọ, orúkọ òpópónà tí ó kàn, àti iye ilé tí kànga rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Ẹ fi àwòrán sí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì tí a ti ń sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pàdé níbì kan. Ẹni tí a ó rán lọ wo ojú ihò èéfín náà, tí yóò bu omi sínú ìgò, tí yóò sì kọ ohun tí ó rí láìbo ẹnikẹ́ni láṣìírí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Òun náà wà lára àwọn tí à ń jíròrò ìpele owó wọn. Bí owó ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta dé Ọ̀tà bá ń jẹ nínú oúnjẹ ọmọ rẹ̀, iye ìgbà tí yóò wá yóò dínkù. A kò sì ní sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn tí ebi lè mú kí ènìyàn gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó wá yẹ̀ wò. Ní ìdàkejì, owó tí ìpínlẹ̀ fi ń san oṣù fún un kò ṣẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kan náà. Owó orí tí à ń yọ nínú oṣù òṣìṣẹ́ máa ń lọ sí ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ náà ń gbé, kì í ṣe ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ń gbé ní Ṣàngó tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ògùn ni owó orí rẹ̀ yẹ kí ó wá. Ẹni tí ń kọjá Toll Gate láti Èkó wá síṣẹ́ ní Ọ̀tà, Èkó ni tirẹ̀ ń lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ni èéfín ilé iṣẹ́ rẹ̀ kù sí lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ tí ó bá ń gbani nímọ̀ràn lórí àyíká láìwo ìṣirò yìí, tàbí èyí tí ó bá ń jíròrò owó oṣù láìbéèrè ẹni tí yóò ṣọ́ odò, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Bí ẹ bá kọ̀wé tí ẹ kò rí èsì, òfin tún fún yín ní ọ̀nà kan. Òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú sí àkọsílẹ̀ ìjọba fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá ẹni tí ó béèrè lóhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ní oṣù Igbe ọdún 2025 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ọ́ ní àsọyé pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lè fi béèrè ìwé àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé yín. Òṣìṣẹ́ lè fi béèrè àdéhùn tí a tọwọ́ bọ̀ lórí ìpele owó rẹ̀. Àtúnyẹ̀wò owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 ṣètò rẹ̀ yóò bọ́ sí ọdún 2027, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ a sì máa kó iye tí wọn yóò gbé lọ síbẹ̀ jọ ṣáájú ìgbà náà. Olùkọ́ tí ó bá ní àkọsílẹ̀ owó ọkọ̀ àti owó ilé rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, kí ó mú un lọ bá aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀ nísinsin yìí.